Èbúté Kò Kú, Iṣẹ́ Ni Ó Kú: Ẹ̀kọ́ Láti Liverpool

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti jìn sí kòtò rí, tí ó sì ti ń gbìyànjú láti ìgbà pípẹ́ láti jáde, ni a fẹ́ bá yín sọ lójú ewé yìí.

Láti ìgbà tí èbúté tuntun ti ṣí ní Lẹ́kí ní 2023, ìbéèrè kan ni ó ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu ní wọ́ọ̀fù Àpápá àti ní Tin Can: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wa bí àwọn ọkọ̀ ńláńlá bá kọrí síbòmíràn? Àwọn kan ń fèsì pé kò sí ohun tí yóò ṣe, pé Èkó ni Èkó ń jẹ́, èrò kì í sì í tán lọ́jà. Àwọn mìíràn ń sọ pé ó ti parí, kí oníkálùkù wá ibi tó máa forí lé. Àwa kò sí nínú ìdí méjèèjì. Ẹni tó ní kò sí nǹkan ń tan ara rẹ̀ jẹ, ẹni tó sì ní ó ti parí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ síta kí onílé tó lé e. Ohun tó dára jù ni kí a wo ìlú tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kí a sì bi ara wa ní ohun tí a rí kọ́. Ìlú náà ni Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìlú yìí kò ṣàjèjì sí wa. Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ Liverpool wà lára àwọn tó kó èèyàn dúdú jù lọ kọjá òkun, ọ̀pọ̀ ilé ńlá ìlú náà ni owó ẹrú sì kọ́. Nígbà tí òwò ẹrú dáwọ́ dúró, epo pupa ló gba ipò rẹ̀. Epo àti ẹ̀kùrọ́ tí àwọn ìyá ńlá wa fi ọwọ́ ṣe ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀, tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, tí wọ́n sì fi ń kun ẹ̀rọ kí ó lè máa yí geere. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ àwọn Elder Dempster dé. Àwọn àgbà láàárín wa kò tíì gbàgbé Apapa, Accra àti Aureol, àwọn ọkọ̀ tí ń kó lẹ́tà, ẹrù àti èrò láti Èkó lọ sí Liverpool. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà àti dókítà, Liverpool ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ òyìnbó.

Àwọn òṣìṣẹ́ wa náà débẹ̀. Àwọn atukọ̀ ọmọ Áfíríkà ṣiṣẹ́ nínú yàrá iná àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn fún owó tó kéré sí ti aláwọ̀ funfun ẹgbẹ́ wọn. Ní 1959, àwọn atukọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ọkọ̀ Apapa bá ilé-iṣẹ́ wọn fà á lórí ìwọ̀sí tí wọ́n ní àwọn ọ̀gá òyìnbó fi ń lọ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Nàìjíríà fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sọ ìtàn èbúté Liverpool, a ń sọ díẹ̀ nínú ìtàn ara wa.

BÍ ÌLÚ NÁÀ ṢE WÀ

Ní 1715 ni wọ́n ṣí èbúté àkọ́kọ́ tí wọ́n gbẹ́ ní Liverpool, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń sé omi mọ́ inú kí ọkọ̀ má baà fìdí kanlẹ̀ nígbà tí òkun bá fà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ òmíràn mọ́ ọn, títí tí àwọn èbúté náà fi tò tẹ̀lé ara wọn létí odò Mersey fún nǹkan bí máìlì 7. Ní 1846 ni wọ́n ṣí èyí tí wọ́n ń pè ní Albert Dock, bíríkì, òkúta àti irin ni wọ́n fi kọ́ ọ látòkè délẹ̀ kí iná má baà ràn án. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1931, àwọn tó ń gbé ìlú náà ju 840,000 lọ. Bí ẹnì kan kò bá ru ẹrù ní èbúté, á máa tún ọkọ̀ ṣe, tàbí kí ó máa wa mọ́tò ẹrù, tàbí kí ó máa fọ ṣúgà tí ọkọ̀ gbé dé, tàbí kí ó máa ta oúnjẹ fún àwọn tó ń ṣe gbogbo ìwọ̀nyí. Èbúté ni igi, ìlú ni ẹ̀ka.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé ọjọ́ wọ̀nyẹn dùn fún òṣìṣẹ́. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àwọn ọkùnrin ń tò sínú ọgbà bí ẹran, tí fọ́mánì yóò máa fi ọwọ́ kan èjìká ẹni tó bá wù ú. Ẹni tí ọwọ́ fọ́mánì kò kàn yóò padà sílé lófo, ọmọ rẹ̀ yóò sì fi omi sùn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ja ìjà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1947 ìjọba ṣe ètò tí yóò máa kọ orúkọ òṣìṣẹ́ èbúté sílẹ̀ kí wọ́n má baà lé e bó ṣe wù wọ́n. Ní 1967 ni wọ́n sì tó fòpin sí gbígba èèyàn ní ọjọ́ dé ọjọ́, tí òṣìṣẹ́ èbúté wá di òṣìṣẹ́ olówó ọ̀sẹ̀ bí ti ẹlòmíràn.

Ẹ wo bí ayé ṣe rí! Ìgbà tí òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìjókòó ni wọ́n gbé àga lọ.

OHUN TÓ PA IṢẸ́

Ní 1956, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Ideal X gbé àpótí irin 58 láti èbúté Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò ka ọjọ́ yẹn sí. Àmọ́ àpótí yẹn, tí gbogbo wa ń pè ní kọ̀ǹténà lónìí, ni ó yí iṣẹ́ èbúté padà káàkiri ayé. Tẹ́lẹ̀, àpò ni, páálí ni, àgbá ni, ọwọ́ èèyàn sì ni ó ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọkọ̀ kan lè wà ní wọ́ọ̀fù fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tú u. Kọ̀ǹténà dé, kírénì kan àti ìwọ̀nba èèyàn ń ṣe é láàárín ọjọ́ kan. Títú àpótí náà gan-an kúrò ní etí omi, ó lọ sí ilé ẹrù tó jìnnà sí èbúté, lọ́dọ̀ àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọkọ̀ tí ń gbé kọ̀ǹténà tóbi, kò gba ẹnu ọ̀nà àwọn èbúté àtijọ́. Ní 1972, wọ́n ti gbogbo èbúté apá gúúsù ìlú náà pa, Albert Dock pẹ̀lú wọn, wọ́n sì gbé iṣẹ́ lọ sí Seaforth ní apá àríwá. Ní ọdún yẹn kan náà, Aureol, ọkọ̀ èrò tí ń wá sọ́dọ̀ wa, kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton. Nígbà tó fi di 1974, kò wá mọ́ rárá, nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di 1973, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ẹgbẹ́ ọjà ilẹ̀ Yúróòpù. Ọjà tó ń wá láti Amẹ́ríkà àti Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún èyí tó ń wá láti Yúróòpù láyè. Ìwọ̀-oòrùn ni Liverpool kọjú sí. Ìlà-oòrùn ni ọjà wá gbà wọlé, sí àwọn èbúté bíi Felixstowe.

Nígbà tí igi gbẹ, ẹ̀ka kò lè tutù. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò Triumph ní Speke ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1978. Dunlop tẹ̀lé e ní 1979. Ilé ìfọṣúgà Tate & Lyle, tí òun àti èbúté jọ ń bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kógbá sílé ní 1981. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ó kéré tán, ẹnì kan nínú márùn-ún tó lágbára iṣẹ́ ni kò ríṣẹ́ ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2001, ìlú tó ti ní ju 840,000 lọ rí kò ní ju nǹkan bí 439,000 lọ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi sọ́kàn. Èbúté Liverpool kò kú. Títí di òní yìí ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ níbẹ̀. Ní 2016 wọ́n tilẹ̀ ṣí ibi tuntun kan fún àwọn ọkọ̀ kọ̀ǹténà tó tóbi jù. Ẹrù ń wọlé, ẹrù ń jáde, èrè ń wọ àpò ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ ni ó kú. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé èbúté yóò gbèrú, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì bi í lẹ́ẹ̀kejì: iṣẹ́ ńkọ́?

OHUN TÍ ÌJỌBA ṢE

Ní oṣù Keje 1981, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Toxteth, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn atukọ̀ dúdú ń gbé. Ìyà àìríṣẹ́ àti ọwọ́ líle àwọn ọlọ́pàá ni ó fà á. Iná jó, ilé wó, ariwo sì dé gbogbo ayé. Ní ààfin ìjọba, èrò pín sí méjì. Mínísítà kan, Michael Heseltine, ní kí ìjọba náwó kí ìlú náà lè dìde. Mínísítà ètò ìṣúná, Geoffrey Howe, kọ̀wé sí Olórí Ìjọba, Margaret Thatcher, pé kí wọ́n má lọ ná owó tó ṣọ̀wọ́n sórí ohun tí kò lè yọrí, pé ó lè jẹ́ pé ńṣe ni kí wọ́n rọra máa darí ìlú náà bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Lẹ́tà yẹn wà nínú àpótí ìjọba fún 30 ọdún. Ìparí 2011 ni wọ́n tó jẹ́ kí ará ìlú rí i.

Ẹ gbọ́ o, ará wa. Àwọn tó ń gbé ìlú náà ń jìyà, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn kan jókòó sí yàrá tútù, wọ́n ń rò ó bóyá kí àwọn fi wọ́n sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń gbìmọ̀, ọbẹ̀ tí wọ́n bá sè ni yóò jẹ.

Ẹ̀yìn Heseltine ni ọ̀rọ̀ náà wá já sí. Wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1981 láti tún etí odò ṣe. Ní 1984, wọ́n ṣe àfihàn ọgbà òdòdó ńlá kan lórí ilẹ̀ tó ti di ààtàn, ó sì ju mílíọ̀nù 3 èèyàn lọ tó wá wò ó. Ní 1988, wọ́n tún Albert Dock ṣí, pẹ̀lú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, ilé ìjẹun àti ilé gbígbé. Ní 1994, Yúróòpù ka agbègbè náà mọ́ àwọn tó tálákà jù ní ilẹ̀ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù pọ́n-ùn ràn án lọ́wọ́. Ní 2008, Liverpool di olú-ìlú àṣà fún Yúróòpù. Àwọn tó ṣèwádìí sọ pé ọdún yẹn fi ìbẹ̀wò mílíọ̀nù 9.7 kún èyí tí ìlú náà ń rí tẹ́lẹ̀, ó sì mú nǹkan bí mílíọ̀nù 754 pọ́n-ùn wọlé. Ó tún wù wá láti sọ pé ní 2007, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òwò ẹrú ní Albert Dock. Wọn kò fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba wọn pamọ́. Iye èèyàn náà ti ń padà bọ̀ sípò: ní 2021, ó ti tó nǹkan bí 486,000.

Àwa yin àwọn ará Liverpool. Ìlú tí wọ́n ti fẹ́ gbàgbé dìde dúró. Ohun mẹ́ta ni ó gbé e dìde lójú tiwa. Èkíní, owó ìjọba, nítorí pé oníṣòwò kì í kọ́kọ́ fi owó rẹ̀ sí ibi tí kò sí èrè. Èkejì, wọn kò wó gbogbo ohun àtijọ́. Ohun tí àwọn baba wọn kọ́ ni wọ́n padà ń jẹ. Ẹ̀kẹta, àwọn tó ní àwọn kò ní kúrò. Bí gbogbo wọn bá ti kó lọ ni, ta ni ìbá bá ìjọba jà?

IBI TÍ Ó KÙ SÍ

Àmọ́ a kò ní tan ara wa. Ìlú jí, ṣùgbọ́n kò jí fún gbogbo ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọn ìṣẹ́ àti òṣì ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, Liverpool ni ó wà ní ipò kìíní ní 2010, lẹ́yìn gbogbo àríyá 2008. Ní 2019, ó ṣì wà ní ipò kẹta. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe àfihàn ọgbà ní 1984 padà di igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ tó wá rọ́pò iṣẹ́ èbúté, iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ fún àlejò àti títẹ́ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọlá ni, a kò fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré, kò dúró lójú kan, ẹgbẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára níbẹ̀. Ọgbà tí fọ́mánì ti ń fi ọwọ́ kan èjìká ti padà dé. Ìyàtọ̀ ni pé ọwọ́ tẹlifóònù ni wọ́n fi ń kàn án báyìí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ etí omi tí kò ní olùfẹ́ tẹ́lẹ̀ di wúrà. Ní 2021, lẹ́yìn ìwádìí tó fi àbùkù ńlá hàn nínú bí ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ń ta ilẹ̀ àti bí ó ṣe ń pín kọ́ńtíráàtì, ìjọba rán àwọn kọmíṣọ́nnà láti wá máa bójú tó apá kan iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, àjọ UNESCO yọ etí omi Liverpool kúrò nínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé tí wọ́n ti kọ ọ́ sí ní 2004, nítorí àwọn ilé tuntun àti pápá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù Everton náà ti ṣí ní 2025, lórí ibi tí èbúté kan wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní ohun rere ni, nítorí pé ó mú iṣẹ́ wá sí apá àríwá tó ti pẹ́ nínú ìṣẹ́. Àwọn kan ní ẹni tó bá ta ìtàn rẹ̀ kò ní rí i rà padà. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní láárí. Ará ìlú náà ni yóò dájọ́.

ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ ÈBÚTÉ NÁÀ ŃKỌ́?

Ní 1989, ìjọba Thatcher pa ètò 1947 tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ èbúté rẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn alágbàṣe ti ń wọlé. Ní oṣù Kẹsàn-án 1995, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ ní owó tó kéré lé nǹkan bí 80 nínú wọn lórí ọ̀rọ̀ ófátáìmù. Àwọn ọ̀dọ́ náà tò sí ẹnu géètì. Àwọn àgbà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ baba àwọn ọmọ náà, kọ̀ láti gba àárín wọn kọjá lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n lé àwọn náà. Gbogbo wọn tó nǹkan bí 500. Òfin tí ìjọba ti ṣe de ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ ńlá wọn lè gbà á ní gbangba pé ìjà àwọn ni. Síbẹ̀ wọ́n dúró fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ó lé. Àwọn ìyàwó wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti fọwọ́ kan ẹrù ọkọ̀ kan nítorí wọn ní 1997. Agbábọ́ọ̀lù Robbie Fowler gbé orúkọ wọn sára ẹ̀wù, wọ́n sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1998, ebi àti àárẹ̀ mú wọn gba owó díẹ̀, ìjà sì parí. Wọn kò padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ṣé asán ni? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2022, nígbà tí ọjà wọ́n gógó, àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ní èbúté kan náà, tí wọ́n ju 500 lọ, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án títí wọ oṣù Kọkànlá. Wọ́n rí ẹ̀kúnwó tó wà láàárín 14.3 àti 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èèyàn díẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹrù púpọ̀ ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Ẹ̀rọ tó dín wa kù lójú ẹgbẹ́ náà ni ó sọ ẹni tó kù di ẹni tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

ÀWA NÍHÌN-ÍN

Èkó kì í ṣe Liverpool. Ìlú tiwa ń pọ̀ sí i ni, ọjà kò sì tíì kẹ̀yìn sí wa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹgbẹ́ rántí 1975, nígbà tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tò kalẹ̀ lójú òkun tí kò ríbi gúnlẹ̀ sí, tí iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ, tí wọ́n sì sáré kọ́ Tin Can tó ṣí ní 1977. Wọ́n sì rántí 2006, nígbà tí ìjọba fa ìṣàkóso àwọn èbúté lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ gba ìwé ìdádúró. Láàárín ìgbà iṣẹ́ àpọ̀jù àti ìgbà ìwé ìdádúró, kò ju ọdún 31 lọ. Ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni.

Ìyàtọ̀ ńlá kan tún wà tó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù. Ní Liverpool, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba, bó tilẹ̀ kéré. Níhìn-ín, ẹbí ni owó ìrànwọ́, ẹbí náà sì ń wo ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí àwọn ará ibẹ̀ lè bèèrè lẹ́yìn tí ó ti ṣẹlẹ̀, àwa gbọ́dọ̀ bèèrè rẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀.

A kò ní kí wọ́n má gbé ẹ̀rọ wá. Ẹni tó bá ní kí a padà sí fífi orí ru àpò ń fi ọrùn ẹlòmíràn ṣe àwàdà. Ohun tí a ní kí ẹgbẹ́ wa dúró lé nìwọ̀nyí:

Èkíní, kí agbanisíṣẹ́ má gbé ẹ̀rọ tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn wọlé láìjẹ́ pé ó ti bá ẹgbẹ́ jókòó, tí wọ́n sì ti tọwọ́ bọ ìwé. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1960, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, tí Harry Bridges ṣe olórí wọn, gba ẹ̀rọ láyè, ṣùgbọ́n wọ́n gba mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ́dọọdún lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ fún owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìdáàbòbò àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Èkejì, bí iṣẹ́ kírénì àti ti kọ̀ǹpútà bá dé, kí ó jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ́. Akọ̀wé tálì tó ti ń ka ẹrù fún 20 ọdún mọ ẹrù ju kọ̀ǹpútà lọ. Ohun tó kù ni kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, kí owó ẹni tó ń lọ sílé wà nílẹ̀ ní ọjọ́ tó ń lọ. Owó ìfẹ̀yìntì tó ń dé lẹ́yìn ìsìnkú, owó ìnáwó òkú ni.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe fi àwọn alágbàṣe sílẹ̀ sẹ́yìn géètì. Àwọn ọ̀dọ́ 80 ti Liverpool ni kí ẹ rántí. Ibi tí okùn ti fẹ́lẹ́ ni ó ti ń já, àwọn agbanisíṣẹ́ sì mọ ibẹ̀ dáadáa. Ọmọ wa ni wọ́n, àbúrò wa ni wọ́n. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n máa gba ìdajì owó wa, ọ̀la ni wọn yóò fi ìdajì náà wọn owó tiwa.

Ẹ̀karùn-ún, kí a máa bèèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí iṣẹ́ bá kúrò ní wọ́ọ̀fù kan, kí ni wọn yóò fi ibẹ̀ ṣe, ta ni yóò sì gbé ibẹ̀? Kí wọ́n má jí wa lóru ọjọ́ kan pé ibi tí a ti fi òógùn jẹun ti di ilé àwọn ọlọ́lá, tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yóò máa bi wá pé ta ni a wá kí.

Ẹ̀yin ará wa, a mọ̀ pé kò rọrùn. Owó ọkọ̀ ń gòkè, owó ilé ìwé ń gòkè, ọ̀pọ̀ wa kò ráyè wá sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí a kò wá ni wọ́n ti ń pín wa. Nígbà tí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀ bá dé, kí ẹni kọ̀ọ̀kan mú alágbàṣe kan dání, kí wọ́n jọ jókòó. Kí a ka ohun márùn-ún yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá fara mọ́, ẹ yọ ọ́. Èyí tó bá kù, ẹ fi kún un. Kí akọ̀wé wa kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì gbé e lọ bá àwọn agbanisíṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń gúnlẹ̀, tí wọ́n ṣì nílò ọwọ́ wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.